Wọ́n gba ìtàn mi méjì, ẹnì kan wá ní kí n mú ₦400,000 wá kí òun bá mi tẹ̀wé

Alákọsílẹ̀Òru (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. POS ni mò ń bá èèyàn jókòó tì lẹ́bàá ọ̀nà ọjà Bódìjà, láti aago méje àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Ibi tí mò ń kọ ọ́ sí lẹ máa kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwé ńlá kan wà tí ọ̀gá mi rà fún àkọsílẹ̀ owó: orúkọ oníbàárà, iye tó gbà, iye tá a yọ lórí ẹ̀. Iwájú ìwé ni mò ń kọ owó sí. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, tí mò ń kọ ọ́ bọ̀ wá sí àárín. Lóṣù Kẹta, àwọn méjèèjì pàdé. Ọ̀gá mi ń ṣírò owó lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá kan ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, "Rìsíkátù gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, kò sì padà wá mọ́." Ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní ta ni Rìsíkátù, ibo ló ń gbé, kí ló dé tí mi ò pariwo. Mo ní, "Àǹtí, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo dá a." Ó ní ṣé owó òun náà, èmi ni mo dá a ni? Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣírò owó náà kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Ìtàn Rìsíkátù yẹn ni ìwé ìròyìn orí ayélujára kan gbà lóṣù Karùn-ún. ₦10,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́. Màmá mi wò mí títí, ó ní, "Irọ́ lo pa, wọ́n wá sanwó fún ẹ?" Lóṣù Keje, ilé-iṣẹ́ rédíò kan ka ìtàn kejì lálẹ́ Sátidé. Wọn ò san kọ́bọ̀, àmọ́ gbogbo àdúgbò wa ló gbọ́ ọ.

Àtìgbà náà, mi ò rí nǹkan kọ mọ́. Tí mo bá jókòó, tí mo rántí pé àwọn èèyàn máa kà á, ọwọ́ mi á kàn wà lórí ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ìbéèrè kan.

Ìbéèrè kejì ló gbé mi wá gan-an. Ẹnì kan tó ní òun ní ilé-iṣẹ́ ìwé kàn sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òun fẹ́ kó ìtàn mi mẹ́sàn-án pọ̀ di ìwé. Kí n mú ₦400,000 wá, òun á fi ìyókù kún un, òun á sì fún mi ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Ó ní mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù. ₦150,000 ni mo ní nínú àjọ. Ọkàn mi ń sọ pé kí n yá ìyókù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, 9:55 alẹ́

Má fọwọ́ sí nǹkan kan. Má yáwó. Lọ sùn.

TíṣàẸdẹ, 10:20 alẹ́

Ọmọ mi, o kú oríire. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ₦10,000 kéré. Owó àkọ́kọ́ tí èmi gbà lórí ohun tí mo kọ kò tó owó mọ́tò tí mo fi lọ gbà á.

Ohun tó ṣe ọ̀gá rẹ yẹn ti ṣe àwọn ará Èkó rí. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó ń jẹ́wọ́ ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ń kà á gbà pé ó wà láyé, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń jókòó kọ gbogbo ẹ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá ń wá Rìsíkátù kiri, a jẹ́ pé ìtàn rẹ mú.

Má sì fi POS sílẹ̀ o. Tíṣà ni Fágúnwà nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni Amos Tútùọlá ní Èkó nígbà tí wọ́n tẹ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní. Nínú èyí tó o fi hàn wá níbí lóṣù tó kọjá, o kọ "aiye", o tún kọ "enia". Inú Bíbélì màmá rẹ lo ti rí i, mo mọ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti ní ká kọ ohun tí ẹnu pè: ayé, ènìyàn, ẹyẹ. Àwa tá a máa ń yẹ iṣẹ́ wò fún ìdíje, ibẹ̀ lojú wa kọ́kọ́ ń lọ, ká tó mọ̀ bóyá ìtàn dùn. Ìdíje náà sì wà. Wo ojú òpó àwọn Àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń gbé lítíréṣọ̀ Yorùbá tuntun jáde.

Gbẹ́nró, 10:41 alẹ́

Èmi ò ní tàn ẹ́ jẹ. Yorùbá ò tà. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí NLNG, iléeṣẹ́ gáàsì yẹn, ń fúnni, $100,000 ni, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń gbà. Àwọn òkú tí Tíṣà ń kà sílẹ̀ fún ẹ kò lè bá ẹ ra dátà. Tútùọlá tó dárúkọ yẹn náà ńkọ́, ṣé Yorùbá ló fi kọ ọ́?

TíṣàẸdẹ, 10:44 alẹ́

O gbá mi mú níbẹ̀ yẹn.

Atẹ̀wéṢómólú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Àbúrò mi, ọdún kẹrìndínlógún mi rèé nídìí ẹ̀rọ ní Ṣómólú, jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà fún ẹ. Ẹni tó ní kó o mówó wá yẹn kì í ṣe pọ́blíṣà. Oníbàárà mi ni. Á gba ₦400,000 lọ́wọ́ rẹ, á gbé iṣẹ́ náà tọ irú èmi wá, a ó jọ nájà á títí á fi dé ìdajì tàbí kó má tó o, ìyókù á wọ àpò rẹ̀. "Òun á fi ìyókù kún un", kò sí ìyókù kankan. Mi ò sọ pé olè ni, iṣẹ́ alágbàtà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kó pe ara rẹ̀ ní alágbàtà.

Pọ́blíṣà gidi ló ń náwó sórí ìwé, tó bá tà, á yọ ìdá kan fún ẹ. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn àgbà wà ní Ìbàdàn tó o wà yẹn, University Press ní Jẹ́ríkò, Evans náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé iléèwé ni wọ́n fi ń jẹun jù. Wọ́n lè gbà ẹ́, wọ́n lè má gbà ẹ́, wọ́n sì lè pẹ́ kí wọ́n tó dá ẹ lóhùn. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọn ò ní bá ẹ dọ́jọ́ Ẹtì lórí WhatsApp.

Tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, fi mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ka ojú ewé rẹ. Bébà ńlá tá a bá tẹ̀ tá a ṣẹ́, ojú ewé 16 ló máa ń dà. Ìwé ojú ewé 96 ṣe wẹ́kú, 112 náà ṣe wẹ́kú. Tó o bá gbé 99 wá, òfìfo lo máa fowó rà. Gé ìtàn rẹ, tàbí kó o fi kún un, kó bọ́ sí i.

Má sì tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀rọ ńlá ń lo pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ojú ewé máa ń wà lára rẹ̀, iye kan náà ni pléètì ń gbà lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ igba lo tẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ti èèyàn sí ẹgbẹ̀rún nìyẹn, wọ́n á ní "ẹyọ kan á dínwó". Ẹyọ kan á dínwó lóòótọ́, ta ló máa rà á? Ọkùnrin kan tẹ ẹgbẹ̀rún méjì lọ́dọ̀ mi ní 2014. Nígbà tí mo lọ kí i nílé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, orí páálí ìwé yẹn làwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ̀rọ dígítà ti wà báyìí tí kì í lo pléètì. Tẹ àádọ́ta. Tà á. Padà wá.

Ti ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, National Library tìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni, kì í ṣe oníWhatsApp. Yí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà sẹ́yìn, wàá rí 978 lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà. Èkejì yẹn ni ti orílẹ̀-èdè wa. Tí ìwé bá jáde, òfin ní kó o kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn. Fi í sínú ìṣirò rẹ, torí mẹ́ta yẹn ò ní mówó wọlé.

Agbẹjọ́rò_Kékeré, 8:02 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ìwé tó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí kọ síbí ká rí i. Ẹ yọ orúkọ kúrò.

Alákọsílẹ̀Òru, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó lè gbowó, mo ráyè. Ojú ewé méjì ni ìwé náà. Ibi tí kò yé mi rèé, mo tú u sí Yorùbá: "Òǹkọ̀wé gbé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́, ní gbogbo èdè, ní ọ̀nà yòówù tó wà báyìí tàbí tó ń bọ̀ wá wà, títí ayé."

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wéṢómólú, ti páálí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wo yàrá wa.

Agbẹjọ́rò_Kékeré, 2:10 ọ̀sán

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ẹ wò ó báyìí: ẹnì kan fẹ́ ra oko lọ́wọ́ yín, ó wá ní kẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ loko san ₦400,000 fún òun kí òun tó gbà á.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tó wà nílẹ̀ ni Copyright Act 2022. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ìtàn yẹn sílẹ̀, ì báà jẹ́ sẹ́yìn ìwé owó ọ̀gá yín, tiyín ni. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà á wà fún yín jálẹ̀ ayé yín, á tún wà fún àwọn ọmọ yín fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín lórí ahọ́n lásán, àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé. Ìdí tó fi ń kánjú sí ìbuwọ́lùwé yẹn nìyẹn.

"Ní gbogbo èdè", ìyẹn ni ìtumọ̀. "Ọ̀nà yòówù", ìyẹn ni rédíò, fíìmù, ìwé àfetígbọ́. Tí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ fi Rìsíkátù ṣe fíìmù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin kọ́ ló máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé Yorùbá, ẹ fún un ní ẹ̀tọ́ ìwé Yorùbá, fún iye ọdún tẹ́ ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kó sì wà nínú ìwé pé tí kò bá sí lórí àtẹ mọ́, ó padà di tiyín. Ìyókù ńkọ́? Ẹ fi sílé.

Ìbéèrè kékeré kan: ìwé ìròyìn tó gbà á lóṣù Karùn-ún, kí ni ẹ gbà pẹ̀lú wọn? Ẹ wá ímeèlì yẹn jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nìkan ni wọ́n gbà, kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ má fi sínú ìwé tiyín.

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù, 10:30 alẹ́

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ owó tán, kò sẹ́ni tó dá ọmọ yìí lóhùn lórí ọwọ́ tó kàn wà lórí ìwé.

Àbúrò mi, ó ṣe èmi náà. Ewì ni tèmi. Nígbà tí wọ́n ka àkọ́kọ́ nínú ètò àárọ̀ kan lórí rédíò, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi kọ nǹkan kan. Tí mo bá ti kọ ìlà kan, mo máa ń gbọ́ ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn nínú ìlà náà, bíi pé òun ló ń kọ ọ́. Ohun tó yọ mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ṣoṣo, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Jọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe ìwé kíkà rárá. Mo ń ro ó fún un bí nǹkan ṣe ń lọ lójú ọjà. Àárín lẹ́tà kẹta ni ewì ti yọjú. Kọ ọ́ sí ẹnì kan. Kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ tó ń wá Rìsíkátù.

Má sì máa sọ ìtàn tí o kò tíì kọ. Mo ti sọ odindi ìtàn kan fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ ọ́, kò sí nǹkan nílẹ̀ mọ́.

Ìdájí ni àsìkò tèmi, aago mẹ́rin, káwọn ìbejì tó jí. Ìlà mẹ́rin péré. Tó bá di márùn-ún, mo ti ṣọdún. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á di Táíwò ti gba búrẹ́dì Kẹ́hìndé. Nínú mọ́tò, mo máa ń sọ ọ́ sínú fóònù, mo sì máa ń gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kan nínú ewì ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ìyá àgbà tó jókòó tì mí fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ní sùúrù, bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn."

Kókó kan péré tó kù: má fi ìtàn sí ojú kan ṣoṣo. Inú bàkẹ́ẹ̀tì aṣọ ni fóònù mi bọ́ sí ní 2021, ewì mẹ́tàlélógójì ló bá a lọ. Tí mo bá ti kọ tán báyìí, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Ìwé owó ọ̀gá rẹ yẹn náà, yà á ní fọ́tò, torí lọ́jọ́ tó bá lé ẹ, tòun ti Rìsíkátù ló máa gbà sílẹ̀.

Alákọsílẹ̀Òru, ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Àǹtí Ìyá Ìbejì, mo ti ya gbogbo ẹ̀. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹ ṣé gan-an.

Mo ti rí ímeèlì ìwé ìròyìn yẹn. "Ìgbà àkọ́kọ́" ni wọ́n kọ, bí agbẹjọ́rò ṣe wí. Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò sọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìtàn náà sórí ayélujára, gbogbo àmì ohùn ló já bọ́. Mo kọ ọ́ pé Rìsíkátù "fọ́ gbogbo awo ilé", ọkọ rẹ̀ bá lé e jáde. Ohun tó jáde ni "fọ gbogbo awo ile". Ẹni mẹ́rin ló bi mí pé irú ọkọ wo ló ń lé ìyàwó síta torí pé ó fọ awo. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ìwé náà ṣe máa rí nìyẹn.

Àmì_Lórí_Àmì, 9:40 alẹ́

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ, ọ, ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n "ọ́" inú "fọ́" yẹn kò ní ẹyọ kan tó dá dúró fún un. "Ọ" ni, àmì wá lọ jókòó sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ̀". Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e jókòó á jẹ́ kí àmì náà fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dí i. Nígbà mìíràn ẹni tó ń tò ó á rí àpótí wọ̀nyẹn, á ní ìdọ̀tí ni, á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awo rẹ nìyẹn.

Charis SIL, Gentium, Noto Serif: èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Lórí fóònù, Gboard, kíbọọ̀dù Google, ní Yorùbá, tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kó o rí àwọn àmì. Lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ni YorubaName, ojú òpó orúkọ Yorùbá, ní kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́. Tó o bá tò ó tán, sọ ọ́ di PDF, kó o sì rí i pé fọ́ǹtì wọ inú ẹ̀ lọ. Má gbé fáìlì Word fún atẹ̀wé láéláé. Fọ́ǹtì tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló máa fi ṣí i, gbogbo ohun tó o ṣe á di asán.

Atẹ̀wéṢómólú, 10:05 alẹ́

Òótọ́ ló sọ. Kí n má parọ́ fún yín, a kì í ka ohun tí à ń tẹ̀. Ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo fún ẹ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Kà á sókè, má fi ojú lásán kà á. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè tẹ ẹyọ kan, kúrò níbẹ̀.

Gbẹ́nró, 10:09 alẹ́

Ẹ ṣì ń sọ ìwé tẹ́nìkan ò ní rà.

ÀǹtíPeckham, 11:50 alẹ́

Gbẹ́nró, o kú iṣẹ́ o. Sátidé-Sátidé là ń kó àwọn ọmọ wa lọ kọ́ Yorùbá níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tá a lè kà fún wọn nílé, tó ní àmì lórí, tí kì í ṣe ìjàpá nìkan, ni à ń wá kiri. Yorùbá ń tà. Ẹni tó ń tà á ni kò tíì mọ ibi tí ìsọ̀ wà.

Àbúrò mi, má fi ìwé ránṣẹ́ sí wa. Owó ìfìwéránṣẹ́ ẹ̀dà kan láti Ìbàdàn á ju owó ìwé náà lọ. PDF yẹn tí wọ́n ní kó o ṣe, fi sórí Selar, ìsọ̀ orí ayélujára, kó o fi owó náírà sí i fún àwọn ará ilé, kó o fi pọ́n-ùn sí i fún àwa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ tìrẹ. OkadaBooks, tí wọ́n ti ń ta ìwé lórí ayélujára, ti kógbá wọlé lóṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò sí níbòmíràn ní láti sáré lọ gbà á sílẹ̀.

Ìtàn awo yẹn, mo fẹ́ ra ìyẹn. Tọ́kọ náà bá ti gbàgbé, kí Rìsíkátù padà sílé.

Ará_Kétu, ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú o láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Tiwa tún yàtọ̀. Faransé la fi kọ́wèé. Ẹni tó bá sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wa níbí, ɛ àti ɔ ló mọ̀, kì í ṣe ẹ àti ọ onídòó, "kp" la sì ń kọ síbi tẹ́ ẹ kọ "p" sí. Màmá mi gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń wí lórí rédíò, àmọ́ tí mo bá gbé ìwé yín fún un, á ní kí n kà á fún òun. Kà á sínú fóònù, àbúrò, kó o jẹ́ ká rà á báyẹn. A máa ń gbọ́ra wa yé.

Agbẹjọ́rò_Kékeré, 7:31 àárọ̀

Ẹ ríi? "Ọ̀nà yòówù" nìyẹn.

Alákọsílẹ̀Òru, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò fọwọ́ síwèé ẹni yẹn. Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ "títí ayé" kúrò ná, ó ní mo ti gbọ́n jù, kò dá mi lóhùn mọ́. Ọjọ́ Ẹtì mélòó kan ló ti kọjá báyìí, àyè ẹnì kan ṣoṣo yẹn sì tún wà lórí status rẹ̀.

Ìtàn mẹ́sàn-án di mẹ́jọ. Ojú ewé 103 ni mo kọ́kọ́ ní, mo bá yọ èyí tó kúrú jù, mo tún gé nǹkan díẹ̀ lára ti Rìsíkátù, ó di 96 géérégé. Inú mi ò dùn sí èyí tí mo yọ, àmọ́ mo rí i pé ìtàn Rìsíkátù dára sí i. Gentium ni mo fi tò ó, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ àbúrò mi, òru ọjọ́ mẹ́fà, torí aago kan òru niná máa ń dé lọ́dọ̀ wa. Tíṣà, "aiye" mẹ́rìnlélógún ni mo rí. Mo wá gbogbo wọn jáde.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ tuntun. Ọ̀gá mi ni mò ń kọ ọ́ sí, kò mọ̀.

Atẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá tẹ ẹ̀dà kan fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kó tó tẹ ìyókù. Mo ṣí ojú ewé 41 kí n tó wo ẹ̀yìn ìwé pàápàá. "Fọ́" ni. Àmì jókòó lórí rẹ̀ ṣinṣin. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè bí ẹ ṣe ní kí n kà á, mo bá àṣìṣe mọ́kànlá, mo tún un ṣe. Àádọ́ta ẹ̀dà jáde lánàá. Mo fún ọ̀gá mi ní ọ̀kan, ó ṣí i lójúkan náà, ó ń wá ibi tí owó náà wà. Ó rí i. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náà lo ṣì kọ? Nǹkan ti wọ́n, kó o sọ ọ́ di ọgọ́rin."

Mo gbé ẹyọ kan sórí tábìlì POS lónìí. Obìnrin kan wá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń yí, ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ìdúró. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé. Mo ní, "Mọ̀mí, ó ti wọlé, ẹ fi nọ́ńbà yín sí i." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Dúró ná."

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, 9:01 alẹ́

Èló ni? Mo máa gba Bódìjà kọjá lọ́la.